Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Mustang mi ń fò bí mo bá tẹná: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Sùúrùlérè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mustang GT ọdún 2016 ni mo ń wà, tòkúnbọ̀ ni, V8 líítà 5.0, gíà ọ́tò. Bí mo bá ń rìn jẹ́jẹ́, kò sí wàhálà kankan. Àmọ́ bí mo bá dúró, tí mo pa traction control (ohun tí kì í jẹ́ kí táyà yí lásán), tí mo wá tẹná mọ́ ọn, ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbì-gbì-gbì-gbì bíi pé ẹnì kan ń fi òòlù lu abẹ́ mọ́tò. Kì í ṣe pé táyà kàn ń yí lásán o, ó ń fò ni. Díńgí àárín á máa gbọ̀n débi pé n ò ní rí ohun tó wà lẹ́yìn mọ́.

Mẹkáníìkì mi ní kí n pààrọ̀ ṣọ́kù ẹ̀yìn méjèèjì. Ẹlòmíì ní kí n jẹ́ kí wẹ́dà jó traction bar sí i, irin tó ń di ẹ̀yìn mú kó má lọ́. Ẹnì kẹta ní bí gbogbo Mustang ṣe ń ṣe nìyẹn, kí n fi sílẹ̀. Táyà ẹ̀yìn jẹ́ 275/40 R19, tòkúnbọ̀ ni mo rà. Mi ò fẹ́ máa náwó káàkiri bí ẹni tó ń ra ẹ̀pà. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bọ̀dá Ẹ́ńjìnnì

Àbúrò, kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná ná. Kò sí ohun tí wàá rà tó máa gbà ẹ́ bí o bá ń jẹ́ kó fò bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Fífò yẹn ló ń ṣẹ́ ṣáàfùtù, òun ló ń fọ́ CV joint (oríkèé ṣáàfùtù), ó sì lè sán ilé diff (àpótí eyín tó ń pín agbára sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì). Bí o bá ti gbọ́ gbì àkọ́kọ́, yọwọ́ níbẹ̀. Má rò pé tó o bá tẹ̀ ẹ́ sí i ó máa la á kọjá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Agbára ẹ́ńjìnnì á gba inú gíà kọjá sí diff, á gba ṣáàfùtù méjèèjì dé ẹsẹ̀. Táyà á gbá ilẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n kí mọ́tò tó gbéra, gbogbo ohun tó bá lè lọ́ á ti lọ́: ara táyà á fún pọ̀, ṣáàfùtù á lọ́ (irin ni o, àmọ́ ó ń lọ́), rọ́bà inú bọ́ọ̀ṣì (ìjókòó rọ́bà tó wà níbi tí irin ti so mọ́ irin) á tẹ̀, imú diff á gbé sókè. Nígbà tí agbára bá wá ju èyí tí ilẹ̀ lè gbà lọ, táyà á yọ̀. Bó ṣe yọ̀ báyìí, gbogbo ohun tó ti lọ́ á tú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ á fò, á balẹ̀, táyà á tún gbá ilẹ̀ mú, lílọ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà bíi 10 sí 15 ni irú ìfò bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Nítorí náà, dípò ohun tí wàá rà, ohun tí ń lọ́ tàbí tí ń mì ju bó ṣe yẹ lọ ni kó o kọ́kọ́ wá.

Ẹni tó ní kó o jó traction bar sí i, mọ́tò àtijọ́ oní-sípíríǹgì pẹlẹbẹ ló ní lọ́kàn. Mustang tó ṣáájú ọdún 2015, irin gbọọrọ kan ló so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, àfi àwọn SVT Cobra kan láàárín 1999 sí 2004. Láti 2015 ni Ford ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan máa dá mì lára gbogbo Mustang. Lára tìẹ, orí férémù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní cradle ni diff wà. Rọ́bà ńláńlá wà láàárín cradle àti ara mọ́tò. Diff ní rọ́bà tirẹ̀. Apá kọ̀ọ̀kan tó di ẹsẹ̀ mú ní tirẹ̀. Ó ti ń ṣe ẹ́ bí ẹni pé ibi tí wọ́n á ti wá a pọ̀, àbí?

Ìyá Bọ́ọ̀ṣì, Ládípọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n wa. Òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí kọ́kọ́ wo táyà, nítorí ó ti fẹnu ara ẹ̀ sọ pé tòkúnbọ̀ ni.

Ọmọ mi, wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni kó o kà. Bí o bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí o ò bá rí nọ́ńbà mẹ́rin náà ní ìhà ìta, bẹ̀rẹ̀ wo ìhà inú, torí wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ pé sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni. Má jẹ́ kí dúdú tí wọ́n fi kùn ún tàn ẹ́. Táyà lè máa dán kó sì ní eyín dáadáa, kí rọ́bà rẹ̀ ti gan. Fi èékánná tẹ àárín eyín rẹ̀. Bí kò bá tẹ̀ rárá, tó o tún rí ìlà wẹ́wẹ́ tó sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbàgbé. Rọ́bà tó ti gan kì í di ilẹ̀ mú pẹ́: á dì í, á já, á tún dì í. Ohun tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ fò gan-an nìyẹn.

Tún wò ó bóyá méjèèjì jọ jẹ́ irú kan náà. Mo ti rí mọ́tò tí run-flat (táyà líle tó lè rìn díẹ̀ láìní afẹ́fẹ́) wà lọ́tùn-ún rẹ̀, tí táyà lásán wà lósì, tí ẹni tó ni ín sì ń bú mẹkáníìkì.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Iye tó wà níbẹ̀ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, kí táyà tutù kó o tó wọ̀n ọ́n. Àwọn fọ́gánáísà wa, 40 ni wọ́n ń fẹ́ fún gbogbo ayé, ìbáà ṣe Corolla, ìbáà ṣe jíìpù. Lẹ́yìn náà, o lè máa dín in kù ní 2 psi, 2 psi, kó o máa wo ìyàtọ̀. Àmọ́ má ṣe fi afẹ́fẹ́ kékeré rin ìrìn ojoojúmọ́. Táyà 40 profile kò ga. Ihò kan péré ní Ìkòròdú Road, ríìmù ló máa fi san án.

Èyí tó kù: bí ọ̀rọ̀ bá di ti bọ́ọ̀ṣì, má ra tòkúnbọ̀. Apá tòkúnbọ̀ kò burú, irin ni. Rọ́bà inú rẹ̀ ti bá mọ́tò tó gbé e wá darúgbó.

Ẹlẹ́sẹ̀ Iná, Lẹ́kí

Ẹ̀ ń fàkókò ṣòfò. Ẹ yọ gbogbo rọ́bà dànù. Ẹ fi bọ́ọ̀ṣì aluminium sí cradle, sí diff, ẹ fi apá oní-bearing sí ẹsẹ̀. Bí kò bá sí rọ́bà, kò sí ohun tó máa mì. Ó parí. Èmi náà ṣe é, mọ́tò ò fò mọ́.

Abẹ́ Mọ́tò, Òjòta

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́sẹ̀ Iná, mo gbọ́ yín, àmọ́ ẹ ò sọ fún un nípa ariwo. Tí ẹ bá fi aluminium di diff mọ́ cradle, ẹ óò máa gbọ́ eyín diff bó ṣe ń ké láti Òjòta dé Oǹdó. Bearing tí kò ní rọ́bà pẹ̀lú kì í fẹ́ràn eruku àti omi. Ẹ jẹ́ kí òjò July kún Lẹ́kí, kí mọ́tò la á kọjá, ẹ óò rí bí yóò ṣe máa ta kó-kó-kó nígbà tó bá yá. Mọ́tò tí wọ́n ń gbé lọ sí pápá eré, ó bá a mu. Èyí tí wọ́n ń wà lọ síbi iṣẹ́, kí wọ́n rò ó dáadáa.

Àbúrò Sùúrùlérè, bí mo ṣe ń wá a nìyí. Gbé mọ́tò sókè, kó o fi stand gbé e dúró. Má wọ abẹ́ mọ́tò tó wà lórí jáàkì nìkan láé. Kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn bóòlùtù tó di cradle mú. Bí irin bá ń dán yí bóòlùtù ká bí ibi tí nǹkan ti há a, cradle ti ń yọ̀ níbẹ̀. Wo ṣọ́kù bóyá ó ń jo òróró. Wo ìdí CV joint bóyá gíríìsì ti ta jáde. Ki irin gígùn bọ abẹ́ diff, kó o gbé e díẹ̀díẹ̀, kó o wo bí rọ́bà rẹ̀ ṣe ń ṣe. Ó yẹ kó mì díẹ̀. Bí o bá rí i tí rọ́bà ya lára irin tó yí i ká, o ti rí ọ̀kan nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, mú Tipp-Ex, kó o fa ìlà tín-ín-rín láti orí cradle bọ́ sí ara mọ́tò, ọ̀kan láti orí diff bọ́ sí cradle, ọ̀kan lórí bóòlùtù kọ̀ọ̀kan bọ́ sí ibi tó jókòó sí. Jẹ́ kó gbẹ. Bí mọ́tò bá tún fò, padà wá wò ó. Ìlà tó bá já, tí apá kan rẹ̀ ti kúrò níwájú ìkejì, ń sọ fún ẹ pé nǹkan ti sún tàbí pé bóòlùtù ti tú. Àmọ́ ṣọ́ra: ìlà tí kò já kò ní kí rọ́bà máà mì, torí rọ́bà á padà sáyè rẹ̀ kó o tó wọ abẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń so kámẹ́rà kékeré mọ́ abẹ́ mọ́tò, tí mo kọ ojú rẹ̀ sí diff, kí n sì ya fídíò náà ní slow motion. Wàá rí imú diff bó ṣe ń gbé orí, wàá rí bóyá cradle ló ń sáré lọ sẹ́yìn àbí ẹsẹ̀ ló ń yà síta. Fídíò bẹ́ẹ̀ ti gba ọ̀pọ̀ oníbàárà mi lọ́wọ́ owó tí wọn ì bá ná dànù.

Mẹkáníìkì rẹ tó sọ pé ṣọ́kù, kò parọ́ pátápátá. Ṣọ́kù tó ti kú kò lè dá ẹsẹ̀ dúró lẹ́yìn ìfò àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ṣọ́kù tuntun lórí bọ́ọ̀ṣì tó ya, owó lo sọ sí kòtò.

E46 Lawanson

Ẹ jẹ́ kí n fi ti BMW kún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa E46, tí wọ́n ṣe láàárín 1998 sí 2006, tí ẹ bá ń gbọ́ tó ń ta gbì nídìí, ẹ má kọ́kọ́ wá bọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo páńsá ilẹ̀ mọ́tò, níbi tí subframe ẹ̀yìn (irú cradle tiwọn nìyẹn) ti so mọ́ ara. Ibẹ̀ máa ń sán. Gbogbo ẹni tó mọ mọ́tò yìí mọ̀ ọ́n. Ẹ yọ kápẹ́ẹ̀tì bóòtù, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú bóòlùtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tún wo abẹ́. Bí ó bá ti sán, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà kàn fi iná kan ibẹ̀ kó sì fi ọ̀dà bò ó. Wọ́n á sọ subframe kalẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á jó ibi tó sán, wọ́n á wá fi irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún un bò ó. Ẹni tó bá fi bọ́ọ̀ṣì líle sórí ibi tó ti sán, ńṣe ló ń fi kún un.

Bọ̀dá Ẹ́ńjìnnì

Lawanson, o ṣé. Ìyẹn náà ni èsì mi fún Ẹlẹ́sẹ̀ Iná. Bí o bá yọ rọ́bà kúrò, agbára tó ń tẹ rọ́bà kò kú. Ibòmíì ló máa lọ: sí ara mọ́tò, sí ilé diff, sí ṣáàfùtù. Èyí tó bá rọ jù nínú wọn ni yóò jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó ń ṣe mọ́tò fúnra wọn ṣe. Cadillac CTS-V àkọ́kọ́, ti 2004 sí 2007, ẹni tó wà á mọ̀ pé fífò ẹsẹ̀ ni orúkọ tó mú. Nígbà tí GM ṣe èyí tó tẹ̀ lé e fún ọdún 2009, wọ́n jẹ́ kí ṣáàfùtù ọ̀tún àti ti òsì yàtọ̀ síra ní sísanra. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ṣáàfùtù méjèèjì bá bára dọ́gba, wọ́n á lọ́ pa pọ̀, wọ́n á tú pa pọ̀, ọ̀kan á máa ti ìkejì lẹ́yìn, fífò á máa le sí i. Bí ọ̀kan bá le ju ìkejì lọ, lílọ́ wọn ò ní bára mu mọ́, wọ́n á máa ba ijó ara wọn jẹ́. Kì í ṣe gbogbo rọ́bà ni wọ́n yọ dànù. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn ju agbára lọ.

Fún Mustang yìí, ohun tí mo máa kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn táyà, ni cradle. Rọ́bà cradle rẹ̀ ní àlàfo nínú, kí mọ́tò lè rìn rọra. Àwọn ènìyàn ń ta irin tàbí polyurethane tí wọ́n fi ń dí àlàfo yẹn láìyọ rọ́bà náà kúrò. Cradle lockout ni wọ́n ń pè é. Ó rọrùn ju kí wọ́n sọ cradle kalẹ̀ lọ, ariwo rẹ̀ sì kéré ju ti aluminium lọ. Bí o bá ṣe ìyẹn tó ṣì ń fò, kó o wá lọ sí bọ́ọ̀ṣì diff. Lẹ́yìn rẹ̀ ni vertical link, irin kúkúrú tó dúró ṣánṣán nídìí ẹsẹ̀.

Ohun kan kù tí kò ná ẹ ní kọ́bọ̀: ọwọ́ rẹ. Gíà ọ́tò ni. Bí o bá tẹ bíréèkì tó o tún tẹná, tó o wá já bíréèkì sílẹ̀ lójijì, o ti lọ́ gbogbo nǹkan pa tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Jẹ́ kí mọ́tò yí díẹ̀ ná, kó o tó tẹ̀ ẹ́. Má sì pa traction control lórí títì, kò sí ìdí.

Ìyá Bọ́ọ̀ṣì, Ládípọ̀

Àmín sí ìyẹn. Ẹ má sì lọ dán an wò lórí Third Mainland o. Afárá yẹn gùn tó kìlómítà 11.8, kò sì sí ibì kan lórí rẹ̀ tó yẹ fún irú eré yìí. Tí ẹ̀yìn bá ń fò, tó wá bá ojú ìsopọ̀ afárá pàdé, inú ọ̀sà la ó ti máa wá yín. Ẹ wá ilé iṣẹ́ tó ní àyè tó gbòòrò, kẹ́ ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ Sùúrùlérè

Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti padà dé.

Táyà ọ̀tún, 1115. Ti òsì, 4018. Orúkọ wọn ò tiẹ̀ jọra. Abẹ́ mọ́tò: irin ń dán yí bóòlùtù cradle méjì tó wà lẹ́yìn ká, bí ẹ̀gbọ́n Abẹ́ Mọ́tò ṣe sọ gẹ́lẹ́. Ṣọ́kù méjèèjì gbẹ, wọn ò jo. Fídíò náà ló yà mí lẹ́nu jù: cradle ń sáré síwá-sẹ́yìn ní ojú kámẹ́rà, kí diff tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé imú.

Mo ra táyà tuntun méjì, mo sì fi lockout sí cradle. Lórí ọ̀dà tó gbẹ, kò fò mọ́, àfi tí mo bá fi ìkà tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ní àdúgbò wa tí wọ́n fi interlock ṣe, tí yanrìn wà lórí rẹ̀, ó ṣì ń ta gbì ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ariwo rẹ̀ nínú mọ́tò kò pọ̀, mo kàn ń gbọ́ ohùn kan bíńtín nígbà tí mo bá yọ iná. Ṣé kí n tún ra bọ́ọ̀ṣì diff?

Abẹ́ Mọ́tò, Òjòta

Má tíì ra nǹkan kan. Yanrìn lórí interlock, bóo lo ṣe fẹ́ kó má yọ̀? Ibì kan gbẹ, ibì kan ní yanrìn, táyà á dì í mú, á yọ̀, á dì í mú. Ojú ọ̀nà ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀ṣì tó ń gbá yanrìn.

Ohun tí mo fẹ́ bi ẹ́ nìyí: nígbà tí wọ́n tú cradle láti fi lockout sí i, ṣé wọ́n tún alignment (títọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò) ṣe lẹ́yìn rẹ̀? Cradle tó bá sún díẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á yà, toe (bí ẹsẹ̀ ṣe kọjú síwájú) á yí, táyà tuntun á sì jẹ láìdọ́gba. Àti pé bóòlùtù míì wà tí ìwé mọ́tò sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò ó. Tí wọ́n bá yọ ọ́, tuntun ló yẹ kí wọ́n fi sí i. Torque wrench (sípánà tó ń wọn bó ṣe le tó) ni kí wọ́n fi dì í o, kì í ṣe "mo ti mọ bó ṣe yẹ kó le".

Èyí sì ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ fún ọjọ́ tó o bá máa pààrọ̀ bọ́ọ̀ṣì apá. Àwọn tó wà lẹ́bàá títì máa ń di bóòlùtù rẹ̀ pa nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń rọ̀ wọ̀lẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá wá sọ mọ́tò kalẹ̀, apá á gòkè, rọ́bà tó ti dì pa á lọ́ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe wà tọ̀sán-tòru títí yóò fi ya. Oníbàárà á ní bọ́ọ̀ṣì tí wọ́n tà fún òun ò dára. Ẹ fọwọ́ lásán dì í ná, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbé ìwọ̀n mọ́tò, kẹ́ ẹ tó fi agbára dì í. Polyurethane yàtọ̀, ó lè yí nínú ilé rẹ̀, àmọ́ ẹ fi gíríìsì silicone sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Ìyá Bọ́ọ̀ṣì, Ládípọ̀

Ẹ sọ ọ́ fún wọn! Wọ́n ń dá bọ́ọ̀ṣì padà fún mi lójoojúmọ́.

Camry Agége

Ẹ má bínú o, ẹ jẹ́ kí tálákà náà béèrè. Camry V6 ni tèmi, iwájú ló ti ń wọ́. Tí mo bá fẹ́ tètè já síwájú ní róńdù, iwájú á ta gbì-gbì bákan náà. Ṣé cradle ni àbí kí ni?

Abẹ́ Mọ́tò, Òjòta

Wo ẹ́ńjìn síìtì ná (rọ́bà tó di ẹ́ńjìnnì mú), èyí tó wà níwájú àti èyí tó wà lókè. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pa, kó fi gíà sí D, kó fún un ní iná díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni kó o dúró sí o, má dúró síwájú mọ́tò. Bí ẹ́ńjìnnì bá fò sókè tó fẹ́ kúrò láyè rẹ̀, o ti rí i. Lẹ́yìn rẹ̀, kó o wo bọ́ọ̀ṣì lower arm (apá ìsàlẹ̀ tó di ẹsẹ̀ iwájú mú), èyí tó wà lẹ́yìn ni kó o kọ́kọ́ wò.